Ẹ Má Jẹ́ Kí Á Kun Ọ̀dà Bo Fáìbà Tó Ti Lé Ròró

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé, kì í sì í ṣe ti àwọn tí kò tíì san owó oṣù wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn yẹn náà mọ ara wọn. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni. Gbogbo ẹni tó wá sí ìpàdé tó kọjá ló gbọ́ bí ẹjọ́ náà ṣe rí. Ọ̀kan nínú wa yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi fáìbà bo ọkọ̀ pákó rẹ̀, èyí tó ń kó ọjà àti ènìyàn láti Mile 2 lọ sí Tomaro àti Irede. Wọ́n bo ọkọ̀ náà tán, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí fáìbà náà fi lé ròró káàkiri ìdí ọkọ̀ bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Nísinsìnyí ọmọ ẹgbẹ́ wa yìí ń bẹ̀ wá pé kí á tú apá kejì ẹ̀yáwó náà sílẹ̀, kí òun lè ra ọ̀dà, kí òun kun ún, kí ọkọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan nínú ìpàdé ní, "Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kó máa lọ jàre, ọ̀dà á bò ó." Àwa kò fara mọ́ ọn. A kò ráyè sọ ìdí rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú, àwọn ìyá wa sì ti ń dìde pé ọkọ̀ ń lọ. A ó sọ ọ́ níhìn-ín.

Àwọn àgbà wa tí wọ́n kó wá sí Festac lẹ́yìn àjọ̀dún ọdún 1977 mọ̀ pé omi ló yí wa ká. Reluwé ti ń kó èrò láti Marina dé Mile 2 láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, a sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n reluwé kì í lọ sí Tomaro. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àpò ìrẹsì, kéèsì ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí páànù ìkọ́lé lọ sí àwọn erékùṣù Àmùwò, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀. Ọkọ̀ pákó ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ọkọ̀ pákó dára, àwọn bàbá wa ti fi jẹun tipẹ́, àmọ́ ojú ìpàdé pákó ń jò, òwú àti ọ̀dà dúdú tí a fi ń dí i kì í pẹ́ lọ títí, kòkòrò inú omi iyọ̀ sì máa ń lu igi títí yóò fi dà bí ajere. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń wá fáìbà. Aṣọ tí wọ́n fi dígí hun ni fáìbà. Wọ́n ń fi résìn rẹ ẹ́, á sì gan lára igi bí ìkarahun. Ní Amẹ́ríkà, Ray Greene ti fi fáìbà àti résìn ṣe ọkọ̀ ojú omi kékeré ní ọdún 1942, kí ogun Hitler tó parí. Iṣẹ́ náà kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe ohun tuntun. Ó ní òfin tirẹ̀ ni.

Báwo ni àwa akọ̀wé ṣe mọ òfin rẹ̀? Àṣìṣe tiwa ló kọ́ wa. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní London, fi ẹrù kan ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí a tú u, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gé sílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú wáyà bàbà, aṣọ fáìbà, gálọ̀nù epoxy àti hádínà rẹ̀, àti ìwé tó ṣàlàyé bí a ó ṣe tò ó di ọkọ̀. Kayak ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn Inuit, ará ilẹ̀ yìnyín, ló ni ín láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, awọ ẹran omi ni wọ́n sì fi ń bo tiwọn. Ènìyàn kan ní í jókòó sínú rẹ̀, á máa fi àjẹ̀ olójú méjì wà á. Akápò wa wò ó títí, ó ní, "Ọkọ̀ tí ènìyàn kan ṣoṣo gbà, ibo ni apẹ̀rẹ̀ ẹja á wà?" A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀nà títò rẹ̀ kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọdún 1963 ni wọ́n gbé irú ẹrù àtòpọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú orúkọ ìwé ìròyìn Daily Mirror: wáyà bàbà ni wọ́n fi ń rán pákó pọ̀, wọ́n á sì fi fáìbà lẹ ojú ìránpọ̀ náà. Àwọn ará ilé tí kì í ṣe kápẹ́ńtà ló ń tò ó, ó sì lé ní 70,000 tí wọ́n ti kàn. A wò ó pé bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá fi èyí kọ́ṣẹ́, àwọn ọlọ́kọ̀ inú ẹgbẹ́ yóò jèrè. Nítorí náà a yọ̀ǹda ẹ̀yìn ilé ìtajà ẹgbẹ́ fún ọ̀dọ́ mẹ́ta àti kápẹ́ńtà kan, àwa fúnra wa sì ń dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Rírán pákó pọ̀ kò fún wa ní wàhálà. Ibi aṣọ fáìbà la ti jìyà.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀, nítorí pé a rò pé iṣẹ́ gidi, àárọ̀ ni í dára sí. A tẹ́ aṣọ lé ìdí ọkọ̀, a da résìn sí i, ó mọ́ lẹ́lẹ́, ẹ ò bá rí i, ó ń dán bí gíláàsì. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, oòrùn ti mú orí páànù, ooru sì ń bọ́ sí wa lórí. Kíá ni ìléròró bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ aṣọ, ọ̀kan níhìn-ín, mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Àwa rò pé résìn náà ti bàjẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Pákó ní afẹ́fẹ́ nínú. Bí ó bá ń gbóná lọ, afẹ́fẹ́ náà ń wú, ó ń wá ọ̀nà jáde, bí ó bá sì ń tutù, ṣe ni ó ń fà wọlé. A ti fi résìn dí ẹnu rẹ̀ ní wákàtí tó ń mí síta gan-an. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ló yẹ kí á ṣe é, ó sì yẹ kí á kọ́kọ́ fi résìn nìkan pa pákó lójú fẹ́ẹ́rẹ́, kó gbẹ, kí aṣọ tó gorí rẹ̀.

Báwo ni a ṣe tún un ṣe? Èyí tó kéré bí ẹ̀wà, a fi dírì tín-ín-rín lu ihò méjì sí i, a fi abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi ń gún ènìyàn fa résìn, a sì tì í gba ojú ihò kan títí ó fi yọ ní ojú kejì. Lẹ́yìn náà a fi nylon bò ó, a sì gbé nǹkan wúwo lé e. Èyí tó tóbi, kò sí ẹ̀bẹ̀ fún un: ọ̀bẹ la fi gé aṣọ tó ṣí náà kúrò títí a fi dé ibi tó lẹ̀ dáadáa. A fi sáńpépà ha etí rẹ̀ kó rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí etí èkùrọ́ tí a fi òkúta lọ̀, a gé aṣọ mìíràn tó fi bí inṣi 2 ju ihò náà lọ yíká, a sì tún un lẹ̀. Ó gba ọjọ́ mẹ́rin. Àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo la fi dá a sílẹ̀.

Àṣìṣe kejì ló dùn wá jù. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ panẹ́bítà rí, níbi tí wọ́n ti ń fi résìn polyester dí ara mọ́tò. Wọ́n ti kọ́ ọ níbẹ̀ pé bí ènìyàn bá fẹ́ kó tètè gan, kó fi kátálísì kún un díẹ̀. Òótọ́ ni fún ti polyester, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn náà ní ìwọ̀n, nítorí pé àpọ̀jù rẹ̀ ń mú kó gbóná kó sì sán. Ṣùgbọ́n epoxy kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Tiwa, apá 2 résìn sí apá 1 hádínà ni wọ́n kọ sí ara gálọ̀nù. Ọmọkùnrin yìí fojú wọ̀n ọ́n, ó sì bù lé e kó lè yá. Ẹ̀yin ọlọ́jà á tètè lóye èyí: bí ẹ bá ní ìgò mẹ́wàá tí ẹ sì ra ìdérí ogún, ìdérí mẹ́wàá kò ní iṣẹ́ tí wọ́n á ṣe. Hádínà tí kò rí résìn dì mú á kàn dúró síbẹ̀ ni. Ọjọ́ kẹta, ojú ọkọ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oyin. Ẹ̀ẹ̀mejì la dá a lábàá láti po résìn tó péye kí á fi lé e lórí, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ má hàn mọ́. Ọmọ tó wà ní London ló pariwo lórí fóònù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣe é, ìsàlẹ̀ yẹn ò ní gan láéláé." A fi iná díẹ̀ mú un rọ̀, a fi irin pẹlẹbẹ ha gbogbo rẹ̀, a fi acetone nù ún, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ife tí wọ́n fi ń wọn oògùn ọmọdé la fi ń wọn résìn, ẹnì kan ń wọ̀n, ẹnìkejì ń kà á sókè.

Òjò àkọ́rọ̀ náà dá sí i. Mọ́júmọ́ òjò kan, a bá nǹkan tó ń yọ̀ bí ọ̀rá lórí résìn tó ti gan. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan ńlá: omi lásán àti kànìnkànìn ló ń fọ̀ ọ́ kúrò. Àmọ́ ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó ha á o, nítorí pé bí ẹ bá kọ́kọ́ gbé sáńpépà lé e, ẹ ó kàn fi ọ̀rá náà pa gbogbo ojú rẹ̀ ni, résìn tó kàn kò sì ní í mú un. Ibi tí aṣọ ti funfun nítorí pé résìn kò tó o, a gé e. Ibi tí résìn ti ṣàn tó sì dì bí omi àbẹ́là, a fara balẹ̀ kó gan pátápátá kí á tó ha á. Níbi kan a kánjú, a ha á títí a fi ha okùn aṣọ náà já, a tún ní láti lẹ aṣọ mìíràn lé ibẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ọwọ́ wa ló wá kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí á yà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, nítorí àwọn tó ń ta résìn lára wa. Polyester tí ẹ ń tà máa ń ní ìgò méjì, ti kátálísì àti ti akisẹlarétọ̀. Ẹ má jẹ́ kí oníbàárà yín da méjèèjì pọ̀ sínú ife kan láéláé. Iná lè sọ níbẹ̀, ó sì lè bú gbàmù. Ọ̀kan ni wọ́n ń kọ́kọ́ pò mọ́ résìn dáadáa kí ìkejì tó wọ inú rẹ̀. Kí ẹ sì tọ́jú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú náà ṣe pàtàkì: ẹni tí epoxy bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún lára, ó ṣòro kó tó tún lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.

A gbé kayak náà sómi. Kò jò. Ojú àpá wà lára rẹ̀, ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí gbogbo ibi tí a ti gé tí a sì lẹ̀, nítorí pé fánííṣì nìkan la fi pa á kí oòrùn má baà jẹ résìn. Ojú kì í tì wá láti fi hàn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á padà sí ọkọ̀ tó wà nílẹ̀. Nígbà tí a lọ wò ó létí omi, a mú owó onírin lọ́wọ́, a sì ń fi kàn án láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí fáìbà bá ti lẹ̀ mọ́ igi, ó ń dún kó-kó. Ibi tó bá ti ṣí, ó ń dún pò-pò bí àgbá tó ṣófo. A fi ṣọ́ọ̀kì yí ibi tó ṣófo ká. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ibi 23 ni. Nídìí ọkọ̀, a kò kà á mọ́, nítorí pé èyí tó ṣófo ju èyí tó lẹ̀ lọ. A lu ihò kékeré kan sí ọ̀kan nínú wọn, omi sì ṣẹ̀ jáde, omi tó ti wà nínú pákó kí wọ́n tó bò ó. Polyester ni wọ́n lò, polyester kì í sì í lẹ̀ mọ́ pákó tútù. Ọkọ̀ tó ti wà nínú omi fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n wọ́ sókè, tí wọ́n sì bò láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, kí la rò pé yóò ṣẹlẹ̀?

Ta ló jẹ̀bi? Oníṣẹ́ jẹ̀bi, ó yẹ kó mọ̀. Ọlọ́kọ̀ náà pin nínú rẹ̀, ó ń kánjú. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé ẹ̀yáwó náà wá kí ẹ kà á. Àwa la kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lẹ́yìn tó bá gba owó ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Kò sí ibì kankan tí a fi àyè sílẹ̀ fún kí igi gbẹ. Alága fọwọ́ sí i, akápò fọwọ́ sí i, àwa náà fi òǹtẹ̀ lù ú. Nígbà tí a kọ ìwé yẹn, a ti tò kayak tán, a mọ ohun tí pákó ń fẹ́, síbẹ̀ ìwé tí a fi ń yá ènìyàn lówó ra ọjà ni a mú, a kàn yí orúkọ padà. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí á lè dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń pariwo lé ọmọ ẹgbẹ́ wa lórí nínú ìpàdé.

A gbọ́ ohun tí àwọn tó fẹ́ kí ó kun ọ̀dà ń sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ tó bá wà nílẹ̀ kò lè san gbèsè. Wọ́n ní ọkọ̀ tó burú ju èyí lọ ń ná ojú omi lójoojúmọ́. Ìyá kan sọ fún wa lẹ́yìn ìpàdé pé òun máa ń bá ọkọ̀ náà lọ, ẹ̀rù kò bà òun. A bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ ìyá. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í dá omi dúró lábẹ́ fáìbà tó ti ṣí. Omi tó wà níbẹ̀ yóò máa mú igi jẹrà níbi tí ojú kò ti ní í rí i, ọkọ̀ yóò máa wúwo sí i, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń sáré, omi á rí etí fáìbà kan fà, á sì bó o bí ẹni bó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ pákó lásán bá ń jò, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á rí i, á gbọ́n omi dànù. Èyí tí a fi ọ̀dà tuntun kùn, ta ló máa fura sí i? NIWA wà láti ọdún 1997, LASWA náà wà láti ọdún 2008, àwọn ló ń mójú tó ọkọ̀ ojú omi, àmọ́ òṣìṣẹ́ tó bá dé èbúté yóò bá ọ̀dà tó ń dán. Àwa tí a mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ wa á wà nínú ìwé pé a fowó ra ọ̀dà náà.

Ohun tí a ó gbé síwájú ìpàdé nìyí. Kí á má tú owó ọ̀dà sílẹ̀. Kí á fi owó náà, pẹ̀lú díẹ̀ láti inú àpò ẹgbẹ́, ra epoxy àti aṣọ. Èyí tí ẹgbẹ́ bá fi kún un kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀yáwó, nítorí pé ìpín tiwa nínú àṣìṣe náà ni. Epoxy wọ́n ju polyester lọ, a mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń di igi mú jù ú lọ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ polyester àtijọ́ tí a bá ha á dáadáa, nígbà tí polyester kì í lẹ̀ dáadáa mọ́ epoxy tó ti gan. Ìdí ọkọ̀, kí wọ́n bó gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n gé ibi tí a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá bó o, kí ọkọ̀ wà lábẹ́ ìbòòrùn títí pákó yóò fi gbẹ. Ọ̀nà tí a ó fi mọ̀ kò le: ẹ fi tépù lẹ nylon mọ́ pákó yíká kí oòrùn ràn sí i fún wákàtí mélòó kan, bí omi bá sẹ̀ sínú nylon, kò tíì yá. Ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ṣe kayak ti gbà láti bá oníṣẹ́ náà ṣe é, wọn kò sì béèrè ju owó oúnjẹ lọ. Kí ọlọ́kọ̀ má san nǹkan kan fún oṣù mẹ́ta. Kí ẹ̀yáwó ọkọ̀ sì ní ìwé tirẹ̀ láti ìsinsìnyí lọ, èyí tí kò ní í ka ọjọ́ títí igi yóò fi gbẹ.

A mọ̀ pé ìpín èrè ọdún yìí yóò dín díẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí i, àyè wà fún un láti sọ ọ́ nínú ìpàdé.

Ọjọ́ Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀ ni a ó dìbò. Kó tó di ọjọ́ náà, ọkọ̀ wà lórí ìtì igi létí omi ní Mile 2, a kò sì tíì nu ṣọ́ọ̀kì tó wà lára rẹ̀. Ẹ mú owó onírin kan dání, kí ẹ lọ kàn án fúnra yín, láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ẹ tó wá.